Ẹsẹ̀ Adìẹ Lábẹ́ Omi

Aró ni mo ń pa láti kékeré, n kì í pa irọ́. Ẹni tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí bá jọ àlá létí rẹ̀, kó wá sí Ìtòkú, kó béèrè Asiata aláró. Aṣọ náà wà lọ́wọ́ mi. Fọ́tò náà wà lọ́wọ́ mi. N ò bẹ ẹnikẹ́ni kó gbà mí gbọ́, kó ṣáà wá fi ojú ara rẹ̀ wò ó.

Jùbrílù ni àbúrò mi. Kò tíì já lẹ́nu ọmú tí ìyá wa fi kú, ẹ̀yìn mi ló ti dàgbà. Lọ́dún tí àwọn sójà tún gba ìjọba padà, ó rí iṣẹ́ lókè odò, níbi tí wọ́n ti sé omi. Iṣẹ́ wo? Iṣẹ́ mòòkùn. Wọ́n á wọ aṣọ rọ́bà fún un, wọ́n á gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ ọ lẹ́yìn, á wọ ìsàlẹ̀ omi lọ wo ẹsẹ̀ ògiri. Wọ́n fún un ní kámẹ́rà tí omi kì í wọ̀, kó máa fi ya ohun tó bá rí. Mo sọ fún un pé n kò fẹ́ iṣẹ́ náà. Mo ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù yín ti pọ̀ jù."

Yéwándé ìyàwó rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ mi, nítorí inú yàrá tí àwọn ọkùnrin mẹ́rin jọ ń sùn ni wọ́n fi ọkọ rẹ̀ sí níbi iṣẹ́. Ọmọ dáadáa ni. Ẹnu rẹ̀ mú díẹ̀, ṣùgbọ́n tèmi náà kò kú. Nígbà tí Jùbrílù wálé ọdún Iléyá, Yéwándé ti lóyún. Jùbrílù ní kí n bá òun ya aṣọ àdìrẹ kan fún un, èyí tí yóò ró lọ́jọ́ ìkómọ. Òun fúnra rẹ̀ ló sì ka ohun tí n ó yà fún mi. Ọkùnrin tí kò mọ̀ ju aṣọ dúdú àti aṣọ funfun lọ, ó jókòó, ó ń sọ pé òòyà, kọ́kọ́rọ́, ẹja, ewé ẹ̀gẹ́. Ó ní kí òòyà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́kọ́rọ́. Ó ní kí ẹja kọjú sísàlẹ̀. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Mo ní ìfẹ́ ìyàwó ti sọ ọ́ di aláró. Ká ní mo gbọ́n ni, ǹ bá ti béèrè ibi tó ti rí i.

N kò tètè ráyè yà á. Ìgbà tí ọyẹ́ dé ni mo tó jókòó tì í. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ wa, báyìí ló rí. Ẹ̀kọ láfún la fi ń ya àwòrán sára aṣọ funfun, ìyẹ́ adìẹ la sì fi ń yà á. Tó bá gbẹ, a ó rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní wọ ibẹ̀. Tí a bá họ ẹ̀kọ náà kúrò, àwòrán á yọ ní funfun. Bí ẹ̀kọ bá ta sí ibi tí kò yẹ, kò sí ohun tí ènìyàn lè ṣe mọ́. Ibẹ̀ ni yóò wà títí aṣọ á fi gbó.

Mo parí rẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo tẹ́ ẹ sí àgbàlá. Mo ní ìyá adìẹ kan tí mo rà ní Wásinmi. Ìka kan ti gé lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, ó ń tiro. Mo kàn yíjú lọ bu omi ni. Ó ti ẹsẹ̀ náà bọ abọ́ ẹ̀kọ, ó sì gba orí aṣọ Yéwándé kọjá. Ojú ẹsẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn gba ojú òòyà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí yóò bọ́ sí ẹ̀yìn orúnkún bí wọ́n bá ró o. Níbi tí ẹsẹ̀ adìẹ ti máa ń ní ìka mẹ́ta níwájú, méjì péré ni èyí ní.

Mo lọgun. Adébímpé, aláró ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ pín ògiri, sáré jáde. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyá Mọ́nsúrù, adìẹ yín ti ń kọ́ṣẹ́!"

Mo ní kó lọ bá mi gbé ọ̀bẹ wá. Jùbrílù ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì ń wá ohun tí n ó fi ṣe é lálejò. Adìẹ náà ni mo pa.

Ó dé lẹ́yìn ọ̀sán gangan, kí wọ́n tó kírun Àsárì. Ó ti rù. A jẹun tán, àwa mẹ́ta, èmi, òun àti Yéwándé. Ó wá fa àpòòwé kan yọ. Ó ní àwọn fọ́tò tó dùn mọ́ òun jù nínú ọdún kan tí òun fi mòòkùn ni òun kó wá fún wa. Èkó ló ti lọ fọ̀ wọ́n, ó ti lé lóṣù kan.

Mi ò ní purọ́, wọ́n dùn-ún wò. Igi máńgòrò kan wà níbẹ̀ tó dúró lábẹ́ omi tewétewé. Ẹja àrọ̀ kan sùn sínú ìkòkò ọbẹ̀ tí àwọn ará abúlé kan fi sílẹ̀ nígbà tí omi ń bọ̀ wá bo ilé wọn. Ó ya oòrùn láti ìsàlẹ̀ omi wá, ó rí roboto, ó pọ́n, bí àkàrà tó léfòó nínú epo. Ó ya ilé kan. Ògiri rẹ̀ ti yọ́ tán, ó ku ìlẹ̀kùn nìkan, ìlẹ̀kùn náà sì wà ní títì.

"Ta ló tì í?" Yéwándé béèrè.

"Àwọn tó ni ín ni."

"Wọ́n ń sá fún omi, wọ́n tún tilẹ̀kùn?"

Jùbrílù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. Ó kó àwọn fọ́tò jọ. Ó ní ó tán. Yéwándé ti fọwọ́ bọ inú àpòòwé.

"Ó ku kan."

"Fi ìyẹn sílẹ̀. Kò mọ́lẹ̀."

Ó ti yọ ọ́.

Omi àwọ̀ ewé. Ìlẹ̀kùn yẹn náà ni. Obìnrin kan dúró níwájú rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa. Ó ró ìró dé àyà. Aṣọ inú omi máa ń fò sókè, ẹni tó bá fọ aṣọ lódò rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀ kò fò. Ó wálẹ̀ gẹ́rẹ́, bí ìró ẹni tó dúró sí iwájú ilé rẹ̀ lọ́sàn-án gangan.

"Ta nìyí?"

"Kùkùté igi ni."

"Kùkùté ń ró ìró?"

Mo gba fọ́tò náà, mo gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Mo rí òòyà. Mo rí kọ́kọ́rọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹja kọjú sísàlẹ̀. Ọwọ́ mi ni. Bí èèyàn ṣe ń mọ ohùn ọmọ rẹ̀ lójú ọjà ni aláró ṣe ń mọ ọwọ́ ara rẹ̀. Mo ní olè ni, ẹnìkan ti wá wo iṣẹ́ mi, ó lọ yà á. Mo ti ń ro ẹni tó lè jẹ́. Mo tún wo ìsàlẹ̀, lẹ́yìn orúnkún obìnrin náà.

Ẹsẹ̀ adìẹ. Mẹ́ta. Oníka méjì.

Ẹran adìẹ náà ṣì wà láàárín eyín mi. Aṣọ náà ṣì wà ní àgbàlá, funfun báláú, kò tíì fojú kan aró. Èyí tó wà nínú fọ́tò ti dúdú, ó ti gba aró dáadáa.

"Aṣọ mi rèé!" Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Ẹnu mi ló kó bá mi.

Mo ń gbọ́ tí ìkòkò aró ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ní àgbàlá, bó ṣe máa ń ṣe bó bá ń gbó.

"Ẹ ṣeun, ìyá mi," ni Yéwándé wí.

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ya ti ìyàwó kejì kí ẹ tó ya tèmi."

Ẹ má bá mi dá a lẹ́bi. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ìbá rò ló rò. Ọkùnrin tó bá níyàwó méjì, aṣọ kan náà ló ń rà fún wọn, kí ẹnì kan má bàa sọ pé wọ́n fẹ́ràn èkejì ju òun lọ. Obìnrin tó bá rí aṣọ rẹ̀ lára obìnrin mìíràn, tó sì jẹ́ ọkọ rẹ̀ ló ya fọ́tò rẹ̀, kí ló fẹ́ máa bi ara rẹ̀ mọ́? Mo fà á lọ́wọ́ lọ sí àgbàlá. Mo fi aṣọ hàn án. Mo ní kò sí méjì rẹ̀ láyé, mo ní kó wo ẹsẹ̀ adìẹ, àárọ̀ yìí ladìẹ rìn ín. Ó gbé fọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ. Ó wo ìhín, ó wo ọ̀hún.

"Àbùkù tó wà lára tirẹ̀, ẹ tún rí i pé ó wà lára tèmi. Kó lè bára mu."

"Yéwándé! Ṣé mo lè kọ́ adìẹ bí yóò ṣe rìn ni?"

"Èmi kọ́ ni ẹ ó bi. Bí ọkọ mi bá ń padà lọ́jọ́ Sátidé, mo ń bá wọn lọ. Mo fẹ́ rí i. Mo fẹ́ kí ó yíjú sí mi."

Oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́fà. Mo ti rí aṣọ náà lábẹ́ omi, lára obìnrin kan, ó sì jẹ́ pé Yéwándé nìkan ló ni ín. Kí ni mo tún fẹ́ kí wọ́n sọ fún mi? Mo mọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ dé etí odò yẹn. Ṣùgbọ́n báwo ni n ó ṣe sọ ọ́? Bí mo bá ní obìnrin kankan kò sí, irọ́ ni lójú rẹ̀. Bí mo bá ní òun gan-an ni mo rí, wọ́n á ní mo ti ń ṣèpè fún aboyún.

Mo lọ bá Jùbrílù. Ó dúró ti ìkòkò aró, ó ń wo inú rẹ̀. Oòrùn ti ń wọ̀, eruku ọyẹ́ ti sọ ojú ọ̀run di pupa.

"Níbo lo ti rí aṣọ tí o ní kí n yà?"

Ó ṣì ń wo inú ìkòkò.

"Jùbrílù, èmi ni mo pọ̀n ọ́."

"Kì í yíjú, ẹ̀gbọ́n mi." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi sún mọ́ ọn. "Láti ìgbà tí mo ti ń wọ omi yẹn. Ibikíbi tí mo bá gbà yọ sí i, ẹ̀yìn ni yóò kọ sí mi."

"Ìyẹn lo fi ní kí n ya aṣọ rẹ̀ fún aya rẹ?"

"Ẹ má bi mí."

"Ta ló rán ọ pé kí n yà á?"

Ó ti ọwọ́ bọ inú aró dé ọrùn ọwọ́, bí ẹni tó ń wá nǹkan nísàlẹ̀ ìkòkò. Mo gbá a lọ́wọ́. Ó wò mí. Ọlọ́run ló mọ̀ bóyá ẹ̀rù ló wà lójú rẹ̀ tàbí ìtìjú. Títí dòní, mi ò lè sọ bóyá ẹni tó fẹ́ gba aya rẹ̀ là ni, tàbí ẹni tó ti fi í ṣèlérí fún nǹkan inú omi yẹn. Àbúrò mi ni, mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò sì fọkàn tán an mọ́.

Mo ká aṣọ náà, mo tì í mọ́nú àpótí. Mo ní bí kò bá sí aṣọ, fọ́tò á di irọ́. Mo fi fọ́tò náà pamọ́ sábẹ́ ẹní mi. Lọ́jọ́ kejì mo lọ kírun Jímọ̀. Mo bẹ Ọlọ́run gan-an. Ìgbà tí mo padà dé, mo ti gbọ́ ìró omi láti ẹnu ọ̀nà. Tó, tó, tó.

Yéwándé ti já àpótí mi. Odindi ọdún kan ló ti fi wà nílé aláró, ta ni yóò tún kọ́ ọ? Ó ti rì í sínú aró títí ó fi dúdú. Ó ti họ ẹ̀kọ kúrò. Aṣọ náà wà lórí okùn, ó ń kán. Àwọn ẹsẹ̀ adìẹ funfun náà yọ rekete.

"Ó dára, àbí kò dára?" ó bi mí.

Mo kúnlẹ̀ fún un. Èmi, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, mo kúnlẹ̀ fún ìyàwó ilé nínú àgbàlá mi. Mo ní kó dúró bímọ lọ́dọ̀ mi, lẹ́yìn náà kó lọ ibi tó bá wù ú. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé mi dìde.

"Ìyá mi, bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, kí lẹ ń bẹ̀ mí sí?"



Wọ́n lọ láàárọ̀ Sátidé. Mo sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Ó ró aṣọ náà dé àyà, nítorí oyún kò jẹ́ kó lè so ó mọ́dìí. Ó dágbére, ó yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lọ sójú títì. Ọyẹ́ bolẹ̀. Kò sí afẹ́fẹ́. Aṣọ náà wálẹ̀ gẹ́rẹ́ lára rẹ̀. Òòyà, kọ́kọ́rọ́, ẹja, ẹsẹ̀ adìẹ lẹ́yìn orúnkún. Ohun tó wà nínú fọ́tò ni mo ń wò yẹn. Mo pè é pé kó bojú wẹ̀yìn. Kò bojú wẹ̀yìn.

N kò lè jẹun. Gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá kan ìlẹ̀kùn, mo ti ń di orí mú. Ìròyìn kankan kò wá. Òjò bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo ń gún ewé èlú fún aró lọ́wọ́, mo gbọ́ ẹkún ọmọ tuntun lẹ́nu ọ̀nà.

Yéwándé ni. Ó pọn ọmọbìnrin kan. Jùbrílù ló ṣíwájú, ó ru ẹrù. Mo ju ọmọ odó nù. Mo di mọ́ ọn, mo sunkún, mo pe gbogbo oríkì tí mo mọ̀. Ara rẹ̀ tutù díẹ̀, mo ní òjò ni. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó béèrè Adébímpé. Ó béèrè Mọ́nsúrù ọmọ mi. Kò gbàgbé ẹnikẹ́ni.

"Ṣé o rí i?" mo rọra bi í.

"Mo rí i, ìyá mi. Ọ̀rọ̀ ti parí."

Ó wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti sọ ọmọ kalẹ̀, ó kẹ̀yìn sí mi. Aṣọ náà ló ró. Mo wo ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀.

Òòyà nìkan ló wà níbẹ̀.

Mo ní ojú mi ni. Mo ní kó fún mi láṣọ náà kí n tún un rẹ. Ó bọ́ ọ fún mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò janpata. Mo tẹ́ ẹ sínú oòrùn. Ọwọ́ mi ni, láti etí dé etí. Ibi tí ìyẹ́ ti yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́bàá kọ́kọ́rọ́, ó wà níbẹ̀. Kò sí ẹsẹ̀ adìẹ. Kò sí ojú àpá rẹ̀. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní, bí aṣọ tí adìẹ kò rìn lórí rẹ̀ rí.

Mo pe Adébímpé. Òun ló rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, òun ló bá mi gbé ọ̀bẹ. Ó wo aṣọ náà pẹ́. Ó yí i sódì, ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ó ká a, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó lọ sílé rẹ̀. Kò bá mi sọ ọ́ rí títí dòní. Èmi náà lọ sábẹ́ ẹní mi, mo yọ fọ́tò. Obìnrin náà ṣì dúró níwájú ìlẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ adìẹ mẹ́ta ṣì wà lẹ́yìn orúnkún rẹ̀.

Ṣé kí n pariwo? Kí ni n ó sọ? Pé àbùkù kò sí lára aṣọ? Obìnrin tó wà nílé ń kírun. Ó ń se ọbẹ̀ bí Yéwándé ṣe ń sè é, ata rẹ̀ kò yingin. Ó ń fọ́mọ lọ́mú. Jùbrílù ti fi iṣẹ́ mòòkùn sílẹ̀, ó ń ta rọ́bà àti páànù. Tí wọ́n bá jọ ń lọ sóde, òun ni yóò ṣíwájú. Kì í jẹ́ kó gba iwájú òun kọjá rárá. Mo bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bóyá ìyàwó rẹ̀ rèé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni ẹ tún fẹ́ kó jẹ́?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo dán an wò. A jọ jókòó, ó ń yọ èèpo lára ẹ̀gúsí.

"Yéwándé, ṣé o rántí adìẹ wa ọjọ́sí?"

Ó gbójú sókè. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ẹ̀rín Yéwándé gan-an.

"Adìẹ wo, ìyá mi?"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbé ọmọ wá sórí ẹní mi. Bí oòrùn bá ti wọ̀, mo máa ń lọ gbé e lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló ń sùn di àárọ̀. Ó ti ń rìn báyìí. Ìyá rẹ̀ kò béèrè rí ìdí tí mo fi ń gbé e.